Ẹ̀sọ̀ Ni À Ń Fi Fọ Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ni a sábà máa ń sọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń gbé wa jáde nílé náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ojú mi rí nǹkan nídìí rẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ojú yín rí.

Ọkọ̀ tí bàbá mi lò kí wọ́n tó fún mi ni mo ń wà ní Ìbàdàn. Eruku ọyẹ́ ti bo ẹ́ńjìnì rẹ̀, ọ́ìlì sì ti lẹ̀ mọ́ eruku náà títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ku ọjọ́ kan péré kí á lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní Ìlọrin, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà dùn ún wò. Bí mo ti ti ọjà dé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa rọ́bà omi, mo sì tú omi lé ẹ́ńjìnì tí ó ṣì ń gbóná. Ooru rú sókè. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọọṣẹ́ mẹ́káníìkì tí mo pè gbé ike pẹtiróòlù dé, ó ní òun fẹ́ fi fọ ọ́ kí ó lè tètè gbẹ. Bàbá mi gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé iná lo fẹ́ fi fọ ọkọ̀ ni?"

Ọkọ̀ èrò ni a wọ̀ lọ. Ìyá mi gbé agbọ̀n èso lé itan láti Ìbàdàn títí a fi dé Ìlọrin. Wọn kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Omi ló wọ ihò púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ kẹta tí ó gbẹ ni ọkọ̀ tó jí. Bàbá mi wá pè mí sídìí rẹ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù títí ọwọ́ yóò fi lè dúró lórí rẹ̀, nítorí pé irin gbígbóná lè sán bí omi tútù bá bà á lójijì. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibòji, níbi tí omi ìdọ̀tí kò ti ní ṣàn wọ kànga. Ẹ tú wáyà bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ fi ọ̀rá di ọ́tánétọ̀, àpótí fíúùsì, orí púlọ́ọ̀gì àti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó ewé gbígbẹ àti ìtẹ́ eku kúrò, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ tí ń gé ọ̀rá pa ibi tí ọ́ìlì lẹ̀ mọ́, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣàn án. Ẹ má fi ẹ̀rọ tí ń ta omi kíkankíkan sún mọ́ ọn. Pẹtiróòlù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: ooru rẹ̀ ń rìn nílẹ̀ láìfarahàn, ìtapàrà iná kékeré kan sì tó o. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tú ọ̀rá, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa, kí ẹ tó dá wáyà bátìrì padà.

Nígbà tí èmi àti bàbá mi fọ tèmi tán, ojú wa rí ohun tí ìdọ̀tí ti fi pa mọ́: rọ́bà tí ń gbé omi rédíétọ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọkọ̀ náà bá gbà láti lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn, bóyá ojú ọ̀nà ni ìbá ti bẹ́, pẹ̀lú ìyá mi nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọkọ̀ dùn ún wò ni mo ṣe fọ ọ́ nígbà náà. Báyìí, kí n lè rí àìsàn rẹ̀ kí ó tó dá mi dúró sójú ọ̀nà ni mo ṣe ń fọ ọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.