Ẹ Ṣeun Àná

Nínú àṣà wa, ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò tó: lọ́jọ́ kejì, ẹni tí a ṣe lóore yóò jí lọ kí olóore rẹ̀ pé, ‘Ẹ ṣeun àná.’

Owó orí àti owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wà lára ohun tí a fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ró láti ọdún 1955. Púpọ̀ nínú àwa ọ̀mọ̀wé jẹ nínú oore náà. Síbẹ̀ ‘ará oko’ ni a fi ń bú ènìyàn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a máa kí àgbẹ̀ ní ‘ẹ ṣeun àná’ lójú àwọn ọmọ wa.