Ọgbẹ́ Ìgbáròkó Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Kejì

Bí kòkòrò àìsàn bá wọ oríkèé àtọwọ́dá tí a fi sí ìgbáròkó, àwọn dókítà lè yọ ọ́, kí wọ́n fi símẹ́ńtì olóògùn (kì í ṣe ti bíríkìlà o!) dí ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó fi tuntun sí i. Ibi tí abẹ ti là léraléra kì í tètè jiná. Bí omi bá ṣì ń jò níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Èyí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Òróró àdúrà ńkọ́? Iwájú orí ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe ojú ọgbẹ́. Ẹ fún un ní ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà. Kí ó sì lo oògùn rẹ̀ tán: kòkòrò lè lúgọ sábẹ́ ọgbẹ́ tó ti dì.