Rélùwéè Kò Gbọdọ̀ Parí sí Agbádó: Iná Àmì, Géètì àti Wáyà Òkè Tọ́ sí Àwa Náà

  

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ojú irin ni. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kan aláta nínú rélùwéè?" Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ra tòmátò ní Mile 12 ní ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró títí oòrùn fi mú, ta ni yóò san owó apẹ̀rẹ̀ tó bà jẹ́? Awakọ̀ ti gba owó tirẹ̀. Agbèrò ti gba tirẹ̀. Àwa nìkan ló kù pẹ̀lú omi tòmátò lára aṣọ.

Kì í ṣe pé ojú irin ò sí ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1901 tí wọ́n ti ṣí ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, ilẹ̀ Ọ̀tà ló ń gbà kọjá. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí ọkọ̀ Ìjòkó sí Ìdó dáadáa: ó máa ń kún débi pé àwọn èèyàn ń jókòó sórí òrùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń dúró: Agbádó, lẹ́yìn náà Kajọlà. Àwa tó wà láàrin, à ń juwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Red Line ti ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Agbádó àti Ọyìngbò, ibùdókọ̀ 8. Ẹnu ààlà wa gan-an ló parí sí. Ṣé èèyàn máa ń gbé etí odò kó máa fi itọ́ fọ ojú ni?

Bí a bá sì là á sọ, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀yin obìnrin ọjà lẹ dí ojú irin lọ́nà." Ẹ jẹ́ ká dáhùn èyí dáadáa, nítorí òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan nínú wa ń patẹ sórí irin. Kò dára, a ò sì ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú ọkàn èèyàn balẹ̀ láti patẹ síbẹ̀? Nítorí pé kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀ ni. Kò sí iná, kò sí agogo, kò sí géètì, kò sí àkókò tí wọ́n kọ sára ògiri. Ibi tí ọkọ̀ kò ti ní àkókò, gbogbo àkókò ló dà bí àkókò ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé iṣẹ́ iná àmì, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè ní sígínà. Rélùwéè kì í ṣe dánfó. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá tẹ bíréèkì lórí eré, ó lè yí tó ìdajì kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró. Ohun tó bá fojú rí níwájú, ó ti pẹ́ jù fún un. Nítorí náà, iná ló gbọ́dọ̀ sọ fún un láti òkèèrè bóyá iwájú òun ṣófo. Láyé àtijọ́, ọ̀gá ibùdókọ̀ kan á pe èkejì, wọ́n á sì fún awakọ̀ ní àmì àṣẹ tí yóò mú dání. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gba orí irin náà. Lóde òní, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ irin á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀: iná ẹ̀yìn ọkọ̀ á di pupa, agogo á dún, géètì á wálẹ̀.

Ẹ ò gbàgbé ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023. Rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní PWD, lápá Ìkẹjà. Èèyàn mẹ́fà, ó kéré tán, ló jáde nílé tí kò padà. Ẹ̀bi awakọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa ni pé géètì tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èkó ti kọ́ afárá sórí irin ní Ìkẹjà, Mushin, Yaba àti Ọyìngbò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ará Ọ̀tà kò pupa tó tiwọn ni?

Ó ku ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn dúró sínú igbó pẹ̀lú èrò nínú, nítorí dísù tán. Àwa tó ń ra dísù sí ẹ̀rọ ìlọta mọ ohun tí dísù ń fojú ẹni rí. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín: "Ilé wa ò níná, ẹ ń wá iná fún rélùwéè!" Ṣùgbọ́n Blue Line láti Marina dé Mile 2 ti ń fi iná ṣiṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ethiopia ti fi iná so Addis Ababa mọ́ Djibouti. Tanzania bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti Dar es Salaam ní ọdún 2024. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Irin kẹta tó wà nílẹ̀ ni Blue Line fi ń gba iná. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ó di ẹni àná. Irú èyí kò bá Ọ̀tà mu, níbi tí ọmọ iléèwé àti alágbàtà ti ń sọdá irin lárààárọ̀. Wáyà òkè, lórí òpó, bíi ti Ethiopia àti Tanzania, ló bá wa mu. Òun náà ní ewu: agbára rẹ̀ máa ń tó fóltì 25,000, kò sì dìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án kó tó pa á. Jíjókòó sórí òrùlé bíi ti ọkọ̀ Ìjòkó ti dópin nìyẹn. Kí wọ́n sì jẹ́ kí afárá tí wọ́n bá máa kọ́ sórí irin ga tó láti ìsinsìnyí, kí wáyà lè gba abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ rẹlẹ̀, wíwó la máa wó o lọ́la.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé Àbújá nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi lágbára lórí rélùwéè àti iná mànàmáná. Abẹ́òkúta ò jìnnà. A mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè nìyí:

1. Iná àmì, agogo àti géètì níbikíbi tí títì bá ti pàdé irin, láti Agbádó dé Ìfọ̀. Èyí ni kó ṣáájú. Kò gbọdọ̀ dúró de wáyà.
2. Kí wọ́n lẹ àkókò ọkọ̀ mọ́ ògiri ọjà wa, ní èdè Yorùbá.
3. Kí ọkọ̀ tó ń dé Agbádó máa dé ọ̀dọ̀ tiwa, kó sì ní ibi tí a óò máa kó apẹ̀rẹ̀ sí.
4. Kí ìjọba Ògùn àti ti Èkó sọ ní gbangba, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n máa ṣe é, bí wáyà òkè ṣe máa dé.

Ẹni tó ń bèèrè gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní Gúúsù Áfríkà, àwọn olè jí wáyà òkè àti wáyà iná àmì títí tí rélùwéè àwọn mẹ̀kúnnù ní Cape Town fi dákẹ́. Ilẹ̀ Ọ̀tà kún fún iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ra pàǹtí sì wà láàrin wa. Ẹni tó bá ra wáyà rélùwéè, kó mọ̀ pé ọjà tirẹ̀ ló dáná sun. Ẹgbẹ́ kò ní gbà á sílẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá patẹ sórí irin, kó palẹ̀ mọ́ kí àwọn táákífóòsì tó bá a palẹ̀ ẹ̀. Bí ọwọ́ wa bá mọ́, ohùn wa á ròkè.

Ẹ gbé ìwé yìí dé ìpàdé ọjà yín. Ẹ kà á fún àwọn tí kò lè kà. Lọ́jọ́ tí a bá máa lọ bá ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti àtẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọjà á tà o.