OGUN KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ SÓJÀ NÌKAN

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn lápapọ̀,

A gbọ́ pé àwọn kan ń kùn nítorí pé a ní kí ẹ̀ka fi fíìmù àwọn obìnrin Làìbéríà han ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú ogun onílé-onílé. Àwọn yìí kan náà ló dìde ní ìpàdé tó kọjá, tí wọ́n ní kí a mú nínú owó ẹgbẹ́ ra ìbọn fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lọ kojú àwọn darandaran. Ẹni tí ogun kò kàn ló fẹ́ fi owó wa ra ìbọn!

Pray the Devil Back to Hell ni orúkọ fíìmù náà, ọdún 2008 ló jáde. Ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà láti òpin ọdún 1989. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún ru sókè. Ní 2003, àwọn obìnrin Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí Leymah Gbowee ṣáájú wọn, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, nínú oòrùn, nínú òjò, títí Ààrẹ Charles Taylor fi gbà láti rí wọn.

Accra gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Oṣù kẹfà ọdún náà ni ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Gánà. Àwọn aṣojú ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń du ipò, ọta ìbọn ńlá sì ń bọ́ lu àwọn èèyàn ní Monrovia. Kí ni wọ́n fẹ́ yára fún? Àwa tó ti bá ọ̀gá jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀: tíì ń lọ, bisikíìtì ń lọ, ọ̀rọ̀ ò kúrò lójú kan. Nígbà tó di oṣù keje, àwọn obìnrin náà jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìhòòhò ìyá fún. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe alárinà, ló jáde wá pẹ̀tù sí wọn nínú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

A kò sọ pé àwọn obìnrin nìkan ló parí ogun náà. Àwọn ọlọ́tẹ̀ ti wọ Monrovia, àwọn sójà Nàìjíríà náà sì ti gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjókòó dí ẹnu ọ̀nà, irinṣẹ́ ta ni? Tiwa ni! Ogun Hitler ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n tí owó oṣù ò lè ká a mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí fi yanṣẹ́ lódì ní 1945. Ta ló wá ní ogun ò kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́?

A mọ̀ pé màálù ń jẹ oko. A kò gbàgbé Ìgàngàn, ọdún 2021. A kò ní kí àgbẹ̀ káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ lónìí, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la? Lẹ́yìn ogun Làìbéríà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti kó ohun ìjà sílẹ̀ lé ní 100,000, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí: kí ẹ̀ka fi owó náà yá ẹ̀rọ sinimá, kí a pe àwọn ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní tí a jọ ń gbé wá wo fíìmù yìí. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wa lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀, títí alága yóò fi pe àgbẹ̀ àti darandaran sórí tábìlì kan.