Aṣọ Bridal Shower Kò Gbọdọ̀ Jẹ Owó Ẹ̀bùn

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà sábà máa ń wọlé lálẹ́, nígbà tí olúkúlùkù ti ń múra oorun. Olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó ti kó ọmọge méjìlá jọ síbẹ̀, àwọn míì nínú wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn rí. Àwòrán ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́: aṣọ àwọ̀sùn sátíìnì dúdú tó ń dán, bàtà gogoro aláwọ̀ góòlù, yàrá kan tí bàlúùnù kún dé òrùlé. Nọ́ńbà àkáǹtì ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù. Ẹnì kan fi àwòrán àtẹ́wọ́ fèsì, ẹnì kejì fi àwòrán ọkàn. Àwọn yòókù dákẹ́ lọ gbári. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

Ìṣirò ọ̀hún ò sì kéré. Aṣọ ìdána ti wà nílẹ̀, aṣọ ọjọ́ ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gèlè, owó télọ̀, owó ẹni tí yóò wé gèlè àti owó ẹni tí yóò kun ojú. Bridal shower wá gbé tirẹ̀ dé. Lóṣù keje ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000. Ká ní aṣọ àti yàrá yìí jẹ́ 35,000 náírà péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan (àwọn tó mọ Èkó á rẹ́rìn-ín sí “péré” yẹn), ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ti wọlé sínú aṣọ àwọ̀sùn tí kò ní í wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí “Ọ̀rẹ́ Ìyàwó” tàn yanran lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò wọ ìyẹn lọ sọ́jà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ ni pé, nínú gbogbo ayẹyẹ tó yí ìgbéyàwó ká, èyí gan-an ni wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀bùn. Ọ̀wààrà òjò ni shower lédè òyìnbó. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń pa nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ pé bàbá kan nílẹ̀ Họ́láǹdì kọ̀ láti di ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, torí ọkùnrin tó yàn, ẹni tó ń lọ ìyẹ̀fun, kì í lówó lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun tó yẹ kó tà ló ń pín fún aláìní. Àwọn aládùúgbò tó ti jẹ nínú oore rẹ̀ ló wá kóra jọ, oníkòkò gbé ìkòkò wá, aláwo gbé àwo wá, títí ilé tọkọtaya náà fi kún. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí àlọ́ ni, àṣà náà gbilẹ̀ láàrin àwọn obìnrin ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ìkòkò àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì sì ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Ìtàn náà ò sọ aṣọ tí àwọn aládùúgbò yẹn wọ̀.

Yorùbá náà ní tirẹ̀ kí WhatsApp tó dé. Ní àgbègbè Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó, tí àwọn kan ń pè ní rárà ìyàwó. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé, á máa dágbére fún ìyá àti bàbá, àwọn ẹbí á máa súre, wọn á sì máa fún un lówó àti ẹ̀bùn. Karin Barber, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù láàrin àwọn ọdún 1970, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, tó jáde lọ́dún 1991. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ nínú ètò náà ni kí wọ́n tẹ̀ lé ìyàwó, kí wọ́n bá a gbè, kí wọ́n má jẹ́ kó dá nìkan wà nínú ìbànújẹ́ àti ayọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ra. Ìyàwó lojú ń wò.

Lójú òǹkọ̀wé yìí, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí wọ́n pè ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣí àpótí aṣọ. Ẹ̀bùn ni kó kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kó fi ṣe aṣọ. Bí kò bá sì ṣẹ́ kù, kó wọ èyí tó wà nílé.

Ọ̀rọ̀ funfun ni kó tẹ̀ lé e, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Funfun ti ìyàwó ni, kí àwọn yòókù fi í sílẹ̀ fún un. Òfin yìí ò tíì pẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọ̀ tó bá wù wọ́n ni àwọn ìyàwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1840, tí Ọbabìnrin Victoria wọ aṣọ funfun láti fẹ́ Albert, tí àwòrán rẹ̀ sì tàn káàkiri ayé. Ìyẹn ò ní kí Yorùbá má mọ ohun tí àlà ń sọ. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ẹ̀sìn òrìṣà dé, ìyawó ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Aṣọ funfun sì ni yóò máa wọ̀ fún odidi ọdún kan, kí gbogbo ẹni tó bá rí i lójú títì lè mọ̀ pé ó ti wọ inú ilé tuntun. Funfun ń ya ènìyàn sọ́tọ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wọ̀ ọ́ wá síbi tí a ti fẹ́ ya ẹnì kan ṣoṣo sọ́tọ̀, alápèjẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ẹ má sì fi àwọ̀ mílíìkì tàbí ti eyín erin tan ara yín. Lábẹ́ iná fóònù, funfun ni gbogbo wọn. Àfi bí ìyàwó bá fúnra rẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn wọ funfun, kí òun lè wọ àwọ̀ tó yàtọ̀. Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dára nínú fọ́tò.

Ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe é sí àti aago tí wọ́n fẹ́ ṣe é ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Àwòrán inú fóònù ò ní ooru, Èkó ní in. Sátíìnì tó rẹwà bẹ́ẹ̀ kì í fi òógùn pamọ́: bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣe agídí, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo abíyá á ti yí àwọ̀ padà, fọ́tò á sì gbà á sílẹ̀ kedere. Bí ó bá jẹ́ etí omi ìwẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, bàtà gogoro á máa rì sínú koríko, tàbí kó yọ̀ lórí táìlì tútù. Bí ó bá jẹ́ yàrá tí wọ́n háyà fún alẹ́ kan, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ọyẹ́, ẹni tó wọ aṣọ aláìlápá á bẹ̀rẹ̀ sí wá aṣọ ìnura. Bí ó bá sì jẹ́ pálọ̀ ìyá ìyàwó, tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ wá gbàdúrà kí wọ́n sì gba ìyàwó nímọ̀ràn, aṣọ àwọ̀sùn dúdú yẹn á di ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa sọ títí ìyàwó á fi bímọ kejì. Ẹ béèrè, ẹ̀yin aráabí. Ìbéèrè kan lórí fóònù ò tó nǹkan.

Ìbéèrè mìíràn tún wà, ti fọ́tò. Obìnrin Mùsùlùmí tó ń lo híjáàbù lè ṣí i láàrin àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í dúró láàrin obìnrin. Kí ó tó jí lọ́jọ́ kejì, fọ́tò náà ti wà lórí Instagram. Kí olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó tètè sọ bóyá wọn yóò ya fọ́tò, kí irú alábàáṣe bẹ́ẹ̀ lè mọ aṣọ tó máa wọ̀.

Ní London, ooru kì í ṣe ìṣòro. Níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá a máa gba tábìlì nílé ìjẹun lọ́sàn-án, wọn á mu tíì pẹ̀lú kéèkì kéékèèké, ọ̀rọ̀ kóòtù sì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ àwọ̀ lọ, pàápàá lóṣù kejì.

Kí ni kí ènìyàn wá wọ̀? Bí wọ́n bá ní kí òǹkọ̀wé yìí dá a, àdìrẹ ni ì bá dá. Àdìrẹ kì í le gbagidi bíi lésì, kò nílò gèlè, bùbù rẹ̀ gba ènìyàn láyè láti jókòó sílẹ̀ kó nasẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀bùn. Ẹni tó bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta á rí oríṣiríṣi, Òṣogbo náà kò kẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹlẹ́kọ ni ẹ fẹ́, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, àbí oníko, tí wọ́n fi iko dì ní kókó-kókó? Àwọn ọnà àtijọ́ lórúkọ, wọ́n sì ní ìtàn lẹ́nu. Nínú Ìbàdàndùn, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ sọ fún ọmọge méjìlá pé kí olúkúlùkù wọ àdìrẹ aláwọ̀ aró, irú ọnà yòówù tó bá ní. Wọ́n á bára mu láìjẹ́ pé wọ́n jọra, ìyàwó á sì tàn láàrin wọn bí òṣùpá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì l’Ékòó ló ń gba aṣọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o: àdìrẹ tuntun a máa ṣí aró. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, títí omi rẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá wọ àdìrẹ àìfọ̀ wá dì mọ́ ìyàwó tó wọ funfun ti dá ọ̀ràn tí ẹ̀bùn kò lè tán.

Àwọn kan á ní àǹkóò dùn-ún wò, pé ìfẹ́ ló wà nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Òótọ́ ni, òǹkọ̀wé yìí náà fẹ́ràn aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ní iṣẹ́ tó ń ṣe lójú agbo. Níbi tí ènìyàn ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti péjọ, òun ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ará ilé ìyàwó, ẹni tó jẹ́ ará ilé ọkọ, ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ bàbá, àti tábìlì tó yẹ kí oúnjẹ kọ́kọ́ lọ. Nínú yàrá tí ènìyàn méjìlá wà, ta ni ẹ fẹ́ fi hàn fún ta? Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń ṣe ìyàwó.

Ní ti aṣọ ìyàwó fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Kó wọ ohun tó lè fi jó, tó lè fi jẹun, tó sì lè fi bẹ̀rẹ̀ gbé pálí ẹ̀bùn. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tó gbòde l’Ékòó báyìí ń fún ènìyàn nínú débi tí ìrẹsì ò fi ríbi gbà. Kó fi ìyẹn pamọ́ di ọjọ́ tí alága ìjókòó máa wà níbẹ̀ láti máa yìn ín.

Nítorí náà, bí olórí ọ̀rẹ́ ìyàwó kan bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí kò tíì fi àwòrán sátíìnì dúdú yẹn ránṣẹ́, kó jọ̀wọ́ pa á rẹ́. Ohun tó lè kọ dípò rẹ̀ rèé: “Ẹ̀yin ọmọge, ẹ káalẹ́. Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní pálọ̀ màmá ìyàwó. Ẹ wọ aláwọ̀ aró, èyíkéyìí tí ẹ bá ní nílé. Funfun ti ìyàwó ni. A máa ya fọ́tò, ẹni tí kò bá fẹ́ kí tòun jáde kó fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Dípò ká ra aṣọ, ẹni tó bá lágbára kó mú 35,000 wá. Bí àwa méjèèjìlá bá dá a, 420,000 náírà nìyẹn. Ìyàwó ti sọ fún mi pé àwọn ò tíì ní ẹ̀rọ ìdáná onígáàsì.”