Ta Ló Ń Ṣọ́ Ìsọ̀ Yín Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá aláṣọ kan n'Ìbàdàn ló ká mi lára jù. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ:

"Ọ̀gá wa, ẹ gbà mí o. Ọmọ kan ló bá mi ṣe ìkànnì tí mo fi ń ta àǹkárá. Iléyá ku díẹ̀, ọjà ń yá, àfi bí mi ò ṣe rí oníbàárà kankan mọ́. Mo ní bóyá ọjà ló dákú. Ọjọ́ kẹrin ni oníbàárà mi kan l'Ékòó pè mí, ó ní, 'Ìyá, ṣé ẹ ti kógbá sílé ni?' Àṣé òfìfo ni wọ́n ń bá níbi tí aṣọ wà tẹ́lẹ̀. Mo pe ọmọ ọ̀hún, ó ní òun ti wò ó, 200 ló ń dáhùn, kò sí wàhálà. Ta ló ń purọ́ nínú àwa méjèèjì?"

Ìyá wa, kò sẹ́ni tó purọ́. Béèyàn bá ṣí ìkànnì yín, ẹ̀rọ tó gbé e ró máa ń fi nọ́ńbà kan ṣáájú èsì rẹ̀. 200 túmọ̀ sí pé ó dáa. 404, mi ò rí ohun tẹ́ ẹ wá. 500, nǹkan bàjẹ́ nínú ilé. 503, mi ò lè dá yín lóhùn báyìí. Ṣùgbọ́n ìkànnì lè pe 200 kó sì gbé òfìfo síta. Ó dà bí ọmọ tẹ́ ẹ fi sí ìsọ̀: a kí i, ó jẹ́ wa, a ní kó mú aṣọ wá, kò rí nǹkan mú. Ẹni tó kí i lásán tó kọjá á ní ìsọ̀ ṣí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ní kí ọmọ yẹn wá ẹ̀rọ aṣọ́nà, tí yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tọ̀sán-tòru, bí ẹni pé oníbàárà ni. Àwọn kan wà tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ìkànnì kékeré.

Àkọ́kọ́, kó má wo nọ́ńbà nìkan. Kó wá orúkọ aṣọ kan àti iye rẹ̀ lójú ìwé náà. Bí kò bá rí i, kó pariwo.

Èkejì, kó ka àkókò. Ìkànnì tó ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá dáhùn ti tilẹ̀kùn nìyẹn. Ta ló máa dúró?

Ẹ̀kẹta, bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, kó tún gbìyànjú láti ibòmíràn kó tó pè yín. Ajá tó ń gbó láìnídìí, olówó rẹ̀ kì í dìde sí i mọ́.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: kí aṣọ́nà má gbé inú ilé tó ń ṣọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbaṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣé ẹ rántí Mọ́ńdè, October 4, 2021? Àṣẹ kan tó ṣì lọ nígbà àtúnṣe já iléeṣẹ́ Facebook kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fún bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn irinṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ìbá fi tètè tún un ṣe náà kú pẹ̀lú rẹ̀! Nítorí náà, kí ìkìlọ̀ yín gba orí fóònù lásán wọlé, kó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ aṣọ yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí fóònù yín ò bá dún, ẹ ò tíì ní aṣọ́nà.

Ẹ̀rọ ò sì lè ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fún àbúrò yín kan lówó kó ra yáàdì kan níbẹ̀ tọwó-tọjà. Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ ná, ìyá wa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di márùn-ún.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.