ÌBỌN TÍ WỌ́N TÚN ṢE, ÀṢẸ TÍ WỌ́N Ń DÚRÓ DÈ



Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó kọjá, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lẹ́bàá ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀kan nínú àwọn ará wa ní àbúrò tó ń bá wọn ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní Amẹ́ríkà. Àbúrò yìí kọ̀wé sí i pé ọ̀gá àwọn fẹ́ kó irú ìbọn kan wọlé láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ìbọn náà ti tún un ṣe kí ó lè bá òfin Amẹ́ríkà mu, ṣùgbọ́n ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i. Oṣù ń gorí oṣù. Àwọn oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ ń bínú. Ọ̀gá sì ti ń sọ pé bí àṣẹ kò bá tètè jáde, òun yóò dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Bí arákùnrin wa ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní, "Kí ìjọba lu òòǹtẹ̀ fún wọn jàre, ṣebí wọ́n ti tún un ṣe!" Àwọn mìíràn ní, "Ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Bí wọ́n tún un ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, kí ó jókòó sí òkè òkun." Àwa tí a ń kọ ojú ìwé yìí kò sí lẹ́yìn ìhà kankan nínú méjèèjì, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè pé kí ló kan òṣìṣẹ́ èbúté nínú ọ̀rọ̀ ìbọn Amẹ́ríkà, ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ohun gbogbo tó bá gba orí omi wọ ìlú, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló gbà kọjá. Bí wọ́n bá dá ọjà dúró, àwa ni ebi rẹ̀ kọ́kọ́ ń pa. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ohun burúkú kọjá, inú ìlú tí ó wọ̀ náà ni àwọn ọmọ wa ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. Ní 1968, ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King àti Robert Kennedy, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lórí ìbọn. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kó ìbọn wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, ìbọn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó yẹ fún eré ìdárayá, bí ọdẹ ṣíṣe tàbí ìdíje ìbọn yíyìn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní ATF ló ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọlé yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 6. Bí irú ìbọn náà bá jẹ́ tuntun, wọ́n lè ní kí ó mú ẹyọ kan wá kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tú u wò. Títí èsì yóò fi jáde, kò gbọdọ̀ kó wọn wọlé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1989, ọkùnrin kan wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Stockton, ní California. Ìbọn ọ̀wọ́ AK tí wọ́n rọ ní Ṣáínà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa ọmọ 5, ó sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ léṣe. Ọmọ àwọn tí ogun lé kúrò ní Cambodia àti Vietnam ni àwọn tó kú. Òbí wọn sá fún ìbọn nílé, ìbọn wá bá àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́.

Ìgbà náà ni ìjọba Bush, èyí bàbá, tó dìde. Ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n dá àṣẹ kíkó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọlé dúró. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ka oríṣi 43 léèwọ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi dá wọn mọ̀ jẹ́ ohun tí ojú ń rí: ìdí ìbọn tó ṣeé ká, ọwọ́ ìdìmú bíi ti ìbọn ìléwọ́, ibi tí wọ́n ń so ọ̀bẹ mọ́ lẹ́nu ìbọn, àti ohun tó ń bo iná ẹnu rẹ̀.

Kí ni àwọn tó ń rọ ìbọn ṣe? Wọ́n gé ibi ìsọ̀bẹ kúrò. Wọ́n yọ ọwọ́ ìdìmú, wọ́n sì fi igi kan tí wọ́n dá ihò sí fún àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan tó ti Ṣáínà wá, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni MAK-90, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni AK tí wọ́n tún ṣe ní 1990. Ìjọba wò ó, kò rí àwọn àmì tó ń wá, ó fọwọ́ sí i, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣùgbọ́n irú ọta tó ń yìn tẹ́lẹ̀ náà ló ń yìn. Àpótí ọta 30 tó ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ló ń gbà. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un, ẹni tó wà nínú aṣọ kò yí padà.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?

Ó tó ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó padà sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1997, Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ dúró fún 120 ọjọ́, títí kan àṣẹ tí wọ́n ti fún àwọn kan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè tún àwọn ìbọn tí wọ́n tún ṣe yìí yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1998, nínú oríṣi 59 tí wọ́n yẹ̀ wò, 56 ni wọ́n kọ̀. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ wọ́n ni pé wọ́n ń gba àpótí ọta tí wọ́n ṣe fún ìbọn ológun, èyí tó ń gbà ju ọta 10 lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò béèrè bí ìbọn ṣe rí mọ́. Ohun tí ìbọn lè ṣe ni wọ́n béèrè. Àwa sọ pé ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní 1989 nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ìdí kireeni, ẹ ó yé wa. Kireeni tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun yàtọ̀ sí kireeni tí wọ́n tún ṣe. Bí ọ̀gá bá sọ fún yín pé àwọn ti pààrọ̀ wáyà rẹ̀, ta ni nínú yín ni yóò dúró sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹrù dán an wò? Bí ọkọ̀ ojú omi ń dúró, bí olówó ń pariwo, ẹni tó ń yẹ wáyà wò kò gbọdọ̀ kánjú. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ẹni tó jókòó ti ìbọn ní Amẹ́ríkà tó ń tú u wò. Ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, a kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí ó lu òòǹtẹ̀ nítorí pé ọjà ń pẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Wọn yóò ní èbúté nìkan ni òfin yìí ń ṣọ́, ẹni tó bá rọ irú ìbọn kan náà nínú Amẹ́ríkà kò nílò Fọ́ọ̀mù 6. Òótọ́ ni. Òfin 1990 gbìyànjú láti dí àlàfo náà díẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà tó ti òkèèrè wá to irú ìbọn tí wọn kò gbà kí ó wọlé. Ìlànà tó tẹ̀ lé e sì ka ẹ̀yà ara ìbọn 20, ó ní èyí tó bá ti òkèèrè wá nínú wọn kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìbọn kan ń ti Ròmáníà wá pẹ̀lú ojú ihò tóóró tí kò lè gba àpótí ọta ńlá. Bó bá ti wọlé tán, wọ́n á fẹ ihò náà, wọ́n á fi ẹ̀yà tí wọ́n rọ ní Amẹ́ríkà kún un, àpótí ọta ńlá á sì wọlé síbẹ̀. Wọn kò rú òfin. Òfin ló ti ilẹ̀kùn iwájú tó gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí olè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé rẹ̀ kì í torí bẹ́ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀. Ti ẹ̀yìnkùlé ni yóò lọ tì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a kọjú sí ìhà kejì, nítorí òtítọ́ wà níbẹ̀ náà. Ìdúró tí kò ní ọjọ́, tí kò ní èsì, ìyà ni. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ìgbà mélòó ni ẹrù ti jókòó sí èbúté yìí nítorí òòǹtẹ̀ kan ṣoṣo, tí lébìrà tó ń gba owó ojúmọ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé lọ́la ni tàbí lọ́túnla? Bí ọjà bá pẹ́, ọ̀gá á ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí yóò tà á. Ọmọ iṣẹ́ kò ní ibi tí yóò ṣírò tirẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a rò pé ó tọ́, ní Amẹ́ríkà àti níbikíbi.

Èkíní, kí ìjọba dá ọjọ́ tí èsì yóò jáde, kí ó sì gba òṣìṣẹ́ ayẹ̀wò tó pọ̀ tó láti mú ọjọ́ náà ṣẹ. Ti 1997 fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti dá iye ọjọ́ síta níṣojú gbogbo ayé.

Èkejì, bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kedere, kí ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè mọ ohun tí yóò tún ṣe ní tòótọ́. Ẹni tí kò mọ ohun tó bàjẹ́, ọ̀dà ni yóò máa kùn.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀gá tó gba àsansílẹ̀ lórí ọjà tí kò tíì ní àṣẹ fi àpò ara rẹ̀ ru òfò náà. Òun ló ta tẹ́tẹ́. Kì í ṣe ọmọdé tó ń bá a jókòó ti káńtà ló yẹ kí wọ́n lé lọ. Ọ̀rọ̀ tí a ní kí arákùnrin wa kọ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nìyẹn: bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà ní ìlú rẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́.

Kí a tó fẹnu ba ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1959, ya èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ sọ́tọ̀, ó ya èyí tí ọlọ́pàá lè fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì fi ṣakabùlà àwọn ọdẹ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan kì í dúró de àṣẹ rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, kọ́sítọ́ọ̀mù dá kọ̀nténà kan dúró lójú ọ̀nà Mile 2 ní Èkó. Ìbọn pump-action 661 ni wọ́n bá níbẹ̀, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀. Ó ti jáde ní èbúté kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n tún bá 1,100 ní èbúté Tin Can, láti Tọ́kì. Òṣìṣẹ́ ló gbé irú kọ̀nténà bẹ́ẹ̀ sọ̀ láti inú ọkọ̀, tí kò mọ̀ pé ikú ni òun gbé.

Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù, tó mú ìbọn rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, tó sì ń dúró, ó sàn ju ẹni tó kọ "ilẹ̀kùn" sórí ìwé lọ níye ìgbà. Ó yẹ kí a dá a lóhùn lásìkò. Ṣùgbọ́n kí ó dúró ná, kí wọ́n tú u wò dé inú.

Ẹ̀yin ará, bí ẹrù kan bá wúwo ju ohun tí ìwé rẹ̀ sọ lọ, tí ara yín kò gbà á, ẹ dá kireeni dúró, kí ẹ pe aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ojúmọ́ kan ra ìdákẹ́ yín. Ẹgbẹ́ yóò wà lẹ́yìn yín.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.